Ìdánwò Káàdì Oṣù Kejì

Ooru mú gan-an lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, wọ́n ń dúró kí wọ́n pe orúkọ wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán ni, òógùn ṣì ń kán lára wọn. Fergus Tindale ló jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì. Dale Skelton, tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà láti ọdún mẹ́tàlá, ń kọjá lọ pẹ̀lú ike omi tútù lọ́wọ́. Ó rí Fergus, ó dúró.

"Àlìkámà!" ló pè é. Orúkọ tí wọ́n sọ Fergus láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, nítorí pé ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbin àlìkámà ní ìlú kékeré Ouyen ni. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò; ìnagijẹ ni wọ́n fi ń pe ara wọn. "Ṣé ìdánwò káàdì lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Òun ni."

"O mọ̀ ọ́n ṣe?"

Fergus rẹ́rìn-ín. "Èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ máa ń ṣe irú ẹ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó lè nà mí."

"Ẹ wo òmùgọ̀ ọmọ," ni Skelton wí. Ó lóṣòó tì í, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Èsì tí o bá gbà lónìí ni dókítà máa tọ́jú. Tí ẹnì kan bá kọlù ọ́ lórí ní oṣù Keje, wọ́n á mú ọ jáde nínú pápá, wọ́n á ní kí o tún káàdì yẹn ṣe. Tí èsì ọjọ́ yẹn bá kéré sí tòní, ó parí nìyẹn. Ọjọ́ méjìlá lo máa fi jókòó sílé, ó kéré tán. Kí ọjọ́ méjìlá tó pé, ọmọ mìíràn ti wọ ẹ̀wù rẹ."

"Ṣùgbọ́n tí tòní bá ti kéré tẹ́lẹ̀..."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Orí ẹ ti ń ṣí. Ọdún mẹ́tàlá, mi ò jókòó sílé rí nítorí orí. Má tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Tó o bá gba méje, ṣi mẹ́ta. Má ṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ o, wọ́n á fura."

Wọ́n pe orúkọ Fergus. Skelton fi ike omi náà gbá a lórí díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Fergus. Ìwé àdéhùn ọdún kan péré ni ẹgbẹ́ náà fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pé wọ́n ti mú un, gbogbo Ouyen ló gbọ́. Àlùfáà ìjọ wọn dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà ní ọjọ́ Ìsinmi, bàbá rẹ̀ sì jókòó sórí katakata, ó sunkún. Ohun kan ṣoṣo ni Fergus ń fẹ́ láyé: kí wọ́n fún un ní ìwé mìíràn nígbà tí sáà bá parí. Ẹni tó bá sì ń jókòó sílé kì í gba ìwé mìíràn.

Inú yàrá náà tutù. Dókítà Anneliese Voigt fi í jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Káàdì kan á yọjú, á pòórá, òmíràn á yọjú. Iṣẹ́ Fergus ni kó tẹ bọ́tìnnì tó bá ti rí káàdì náà rí, kó sì tẹ èkejì tí kò bá tíì rí i. Nílé, káàdì tí wọ́n ya ẹyẹ sí ni òun àti Tamsin, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Wọ́n á máa ṣí i ní méjì méjì, wọ́n á máa wá ìkejì ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Fergus kì í gbàgbé ibi tí ẹyẹ kankan wà.

Káàdì àkọ́kọ́ yọjú, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ìkejì àti ìkẹta náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìkẹrin yọjú, ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ọkàn rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ kedere, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga, pé irọ́ ni. Ó tẹ èyí tí kò tọ́. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ìyókù kò nira mọ́. Nínú mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ń ṣi mẹ́ta mẹ́ta.

Dókítà Voigt wo èsì náà, ó sì wo ojú rẹ̀.

"Fergus, mo rí máàkì tí o gbà jáde nílé ìwé. Ọmọ tó mọ ìwé báyìí, kí ló dé?"

"Ooru ni, Dókítà. Mi ò rí oorun sùn."

"Kò burú. Wá tún un ṣe láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Màá fi àyè sílẹ̀ fún ọ."

Ilẹ̀kùn àánú ṣí sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, ó sì gbòòrò. Ohun tó máa ṣe kò ju pé kó ní, "Ó dáa, Dókítà."

"Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu," ni Fergus wí. "Bí mo ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn."

Dókítà Voigt tọ́jú èsì náà.

*

Ní oṣù Kẹrin, wọ́n fún Fergus ní ẹ̀wù. Bàbá, ìyá àti Tamsin wa ọkọ̀ láti Ouyen fún wákàtí márùn-ún kí wọ́n lè wo eré rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú irú bọ́ọ̀lù tiwọn, wọ́n ń fi ọwọ́ mú un, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó. Ní ìdá kẹta nínú mẹ́rin eré náà, bọ́ọ̀lù fò wá láti ọ̀nà jíjìn, Fergus fò ju àwọn méjì lọ, ó gbá a mọ́ àyà lókè. Ó rọra rìn sẹ́yìn, ó gbá a, bọ́ọ̀lù sì gba àárín àwọn òpó méjì tó ga jù kọjá. Gbogbo ẹgbẹ́ ló sáré wá bá a, títí kan àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun pápá, nítorí pé báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe fún góòlù àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú yàrá ìwọṣọ, wọ́n fi í sí àárín, wọ́n kọ orin ẹgbẹ́, wọ́n sì da omi aláwọ̀ ewé olóyinmọmọ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń mu lé e lórí títí ó fi ń lẹ̀ bí oyin.

"Wo Àlìkámà, òjò ti rọ̀ sí i!" ni Skelton pariwo, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn láìbìkítà fún omi náà. "Olúwa ṣeun," ló ń wí, "Olúwa ṣeun, ọmọ mi."

Ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Coralie Benbow ní àdúgbò Yarraville ni Fergus ń gbé. Opó ni, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà máa ń fi àwọn ọmọ tó wá láti ọ̀nà jíjìn sí ọ̀dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ wọn. Ó ń dín ẹran àgùntàn fún un, ó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá sí eré, ó ń mú un lọ sí ìjọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ní oṣù Keje, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Fergus bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbé bọ́ọ̀lù tó ń yọ̀ lórí koríko. Ẹnì kan tó ń sáré bọ̀ láti iwájú fi egungun ìbàdí kàn án létí. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, koríko ló rí, koríko tútù níwájú imú rẹ̀, kò sì mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Wọ́n mú un wọlé. Ogún ìṣẹ́jú ni òfin fún dókítà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

"Pápá ibo la wà?" ni Dókítà Voigt bi í.

Ó dáhùn. Dókítà béèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá; Fergus ronú, ó dáhùn. Lẹ́yìn náà dókítà gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀, káàdì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ní oṣù Kejì, Fergus mọ̀ọ́mọ̀ ṣi mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ yìí, gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ṣe é, kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìkankan. Síbẹ̀ mẹ́ta náà ló ṣì.

"Ó bá ti oṣù Kejì mu," ni Dókítà Voigt wí, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn. "Fergus, wò mí. Ṣé orí ń fọ́ ọ?"

"Rárá."

"Ṣé iná yìí ń dùn ọ́ lójú?"

Iná náà ń gún un lójú bí abẹ́rẹ́. "Rárá, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n padà. Wọ́n fẹ́ nà wá."

Ó jẹ́ kó padà. Nígbà tó sáré wọ pápá, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Skelton gbá a nídìí, ó ṣẹ́jú sí i. "Ṣé o rí i? Ta ló sọ fún ọ?"

*

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé Yarraville ti yí padà. Fergus ń ti fèrèsé ní ọ̀sán gangan. Ó gbé omi kaná fún tíì, ó lọ jókòó sínú yàrá, omi náà gbẹ, ìkòkò sì jó. Lọ́jọ́ kan, ó dúró sí ilé ìdáná, ó ń wo ìyá arúgbó náà, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ń wá orúkọ ìyá náà, kò rí i.

"Fergus, mo máa pe dókítà yín," ni Ìyáàfin Benbow wí.

"Ẹ má pè é."

"Orí rẹ kò yá, ọmọ mi. Mo ti sin ọkọ, mo mọ ìgbà tí ara èèyàn kò bá yá."

"Eré márùn-ún péré ló kù! Tí ẹ bá pè é, màá kó ẹrù mi jáde níbí lónìí."

"Ọmọ mi..."

"Ẹ yéé pè mí bẹ́ẹ̀! Ẹ kì í ṣe ìyá mi. Ẹgbẹ́ ló ń san owó yàrá fún yín, gbogbo ohun tó wà láàárín wa nìyẹn."

Ìyáàfin Benbow pa iná ìdáná. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó gbàdúrà fún un pẹ̀lú omijé. Ṣùgbọ́n kò pe dókítà. Títí di òní, ó máa ń sọ fún àwọn ará ìjọ rẹ̀ pé ọjọ́ yẹn ni òun fi àdúrà sá fún iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé lé òun lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n tún kọlu Fergus lórí, kò tó ti àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mú un jáde.

Eré tó kẹ́yìn sáà ni eré ìdágbére Skelton. Ó ti kéde pé òun ń fẹ̀yìntì. Àṣà wọn ni pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbá eré tó kẹ́yìn tán, àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ á gbé e lé èjìká, wọ́n á sì gbé e jáde nínú pápá, tí gbogbo èèyàn á dìde dúró. Skelton yan balógun ẹgbẹ́, ó sì yan Fergus.

"Àlìkámà ló máa gbé mi," ló sọ fún àwọn oníròyìn. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀."

Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló dìde. Fergus bẹ̀rẹ̀, Skelton jókòó lé èjìká ọ̀tún rẹ̀ àti èjìká òsì balógun, wọ́n gbé e sókè. Ariwo náà wọ Fergus létí, ó sì ń ró kiri inú orí rẹ̀. Wọ́n rìn ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà pápá náà dẹ̀gbẹ́. Fergus na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, kò rí i. Ó ṣubú, Skelton já sílẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀ lórí, ọrùn ọwọ́ náà sì kán.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rẹ́rìn-ín, gbogbo pápá sì bá a rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti dé orí fóònù gbogbo èèyàn, wọ́n sì ti fi orin sí i.

"Ọdún mẹ́tàlá!" ni Skelton ń pariwo nínú yàrá ìwọṣọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọdún mẹ́tàlá, o sì sọ mí di ẹ̀sín ní ìṣẹ́jú kan! Ṣé o mutí ni?"

Fergus jókòó sílẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò wá sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀, kò sì rí i.

*

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fergus fúnra rẹ̀ lọ bá Dókítà Voigt, ó ní orí òun kò yá. Wọ́n tún fún un ní káàdì. Ó fi ìka mú etí tábìlì, ó gbìyànjú tọkàntọkàn. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ṣì.

Ọ̀gbẹ́ni Garrick Lomas, tó ń pinnu ẹni tó máa dúró àti ẹni tó máa lọ, pè é sí ọ́fíìsì. Dókítà Voigt jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ife kọfí Lomas kò tíì tutù nígbà tí ọ̀rọ̀ náà parí.

"Ìròyìn ayọ̀ rèé," ni Lomas wí. "Èsì rẹ dọ́gba géérégé pẹ̀lú ti oṣù Kejì. Orí tí o gbé wá síbí lo ń gbé lọ. Àwa kò bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ọ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ọ̀gá, ti oṣù Kejì kì í ṣe òótọ́," ni Fergus wí. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni. Skelton ló kọ́ mi. Mo mọ gbogbo káàdì yẹn. Ní báyìí, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Lomas gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ṣé nígbà yẹn lo purọ́ ni, àbí báyìí lo ń purọ́? Èwo ni kí n kọ sílẹ̀?"

"Nígbà yẹn ni."

"Ẹni tó purọ́ fún dókítà ẹgbẹ́ ti ba àdéhùn rẹ̀ jẹ́. Ó túmọ̀ sí pé a kò ní tọ́jú rẹ lẹ́yìn tí o bá lọ. O ṣì fẹ́ kí n kọ ọ́?"

Wọ́n pe Skelton wọlé, tó wá kó ẹrù rẹ̀. Ìdè funfun tí wọ́n fi di egungun tó kán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wo Fergus láti òkè délẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Mi ò rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

Ó jáde. Fergus yíjú sí Dókítà Voigt.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Ẹ sọ fún wọn."

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. "Mo gbà ọ́ gbọ́, Fergus. Ìwé mi ni kò gbà ọ́ gbọ́. Mo ní kí o wá tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Mo sì rí i lójú rẹ ní oṣù Keje, mo jẹ́ kí o padà. Màá dáhùn fún ìyẹn níwájú Ọlọ́run."

Fergus dìde, ó dúró lẹ́bàá fèrèsé kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀. Nísàlẹ̀, Skelton dúró láàárín àwọn ọkọ̀. Ó rìn lọ sápá kan, ó padà. Ó na kọ́kọ́rọ́ sókè, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fetí sílẹ̀ kó lè gbọ́ ibi tí ọkọ̀ tirẹ̀ máa ti dáhùn. Ó ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Nígbà náà ni Fergus mọ̀ pé ó lè jẹ́ òótọ́ ni Skelton sọ, pé kò rántí mọ́ lóòótọ́.

*

Ìyáàfin Benbow ló wa ọkọ̀ gbé e dé Ouyen. Fergus bẹ̀ ẹ́ lọ́nà fún ọ̀rọ̀ tó sọ sí i, ó sì tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i, nítorí kò rántí pé òun ti bẹ̀ ẹ́. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyá náà dárí jì í bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní oṣù Kọkànlá, àlìkámà gbó. Bàbá Fergus kò jẹ́ kó wa ẹ̀rọ ìkórè. Kò bá a wí, kò sọ ìdí rẹ̀. Ó kàn ń gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpò ara rẹ̀ láràárọ̀. Fergus ń jókòó sí tábìlì ìjẹun, Tamsin sì ń kó káàdì ẹyẹ jáde bí ó bá ti ilé ìwé dé.

Ọjọ́ kan wà tí Fergus borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé orí òun ti ń padà bọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ń wo ọwọ́ Tamsin. Ọmọ náà ṣí ẹyẹ odídẹrẹ́ kan. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sórí ìkejì rẹ̀, ó dúró lókè díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yà, ó ṣí òmíràn tí kò bá a mu.

"Áà," ni Tamsin wí, "mo ti tún ṣì í."

Kò sẹ́ni tó mọ ìdúró ọwọ́ yẹn bí Fergus. Ó fi orí lé tábìlì, ó sunkún, ẹ̀rù sì ba ọmọ náà.

"Kí ni mo ṣe?"

"O mọ ibi tó wà."

Tamsin dojú káàdì náà bolẹ̀.

"Tamsin, gbọ́ kí n tó gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi náà mọ ibi tí wọ́n wà nígbà yẹn. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má bàa gba ẹ̀wù lọ́wọ́ mi. Wọ́n gba ẹ̀wù náà, mi ò sì mọ̀ ọ́n mọ́ lóòótọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀ láé, ìbáà ṣe nítorí tèmi. Ohun tí o bá mọ̀, sọ pé o mọ̀ ọ́n. Ibi tó bá ń dùn ọ́, sọ pé ó ń dùn ọ́. Bí ẹnì kan bá sì ní kí o wá tún un ṣe lọ́la, lọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, irọ́ tí Fergus pa kò gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò sì sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́run dárí jì í. Èyí dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò dá orí rẹ̀ padà fún un. Ẹ sọ òtítọ́ nígbà tí òtítọ́ ṣì lè gbà yín là, ẹ sì sá fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ yín ní irọ́ tó fi ń yangàn.

Tamsin nu ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tún àwọn káàdì náà pò, ó dojú wọn bolẹ̀. Ó ṣí odídẹrẹ́, ó sì ṣí ìkejì rẹ̀. Ó ṣí òwìwí méjì, ó ṣí ẹyẹlé méjì. Fergus ṣí tirẹ̀, ó ṣì í. Tamsin kó gbogbo rẹ̀ tán, títí kò fi ku ìkankan lórí tábìlì.

"O nà mí," ni Fergus wí, ó sì pàtẹ́wọ́ fún un.